Ipò Tó Yẹ Ọmọ Iginla Lórí Yìnyín

Àwọn àgbà ní bí ọmọ ẹni bá dára ká wí, ti ká fi ṣaya kọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú kò fi ní tì mí láti yin ọmọ kan létí yín lónìí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ìyìn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Tij Iginla ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni wọ́n bí i, ọmọ Kánádà ni, ọmọ ọmọ Yorùbá sì ni pẹ̀lú, iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni họ́kì orí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ eré náà tinútòde ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Utah ti mú un ní ọdún 2024: ṣé àárín ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti máa ṣeré, àbí ẹ̀gbẹ́? Ẹni tí kò mọ eré náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ibi tí a bá fi ọmọ sí nígbà tí ó ń sún mọ́ ogún ọdún ni ó sábà máa ń sọ irú ọkùnrin tí yóò jẹ́ nígbà tí ó bá pé ọgbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà díẹ̀ kí a lè jọ máa rìn lọ. Họ́kì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ kàwé ní girama yóò rántí igi tí orí rẹ̀ tẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré líle lórí pápá. Ṣùgbọ́n yìnyín ni pápá ti àwọn ará Kánádà, omi tí wọ́n mú kí ó dì gbagidi nínú ilé ńlá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 85. Bàtà wọn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ mímú lábẹ́, ohun tí wọ́n sì ń gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù bí kò ṣe rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1. Ènìyàn mẹ́fà ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé kan, olùdáàbòbò méjì, àti àwọn mẹ́ta iwájú, tí ọ̀kan nínú wọn wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà, tí àwọn méjì yòókù sì wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń pè ní wíńgà. Eré náà le, ó sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mẹ́ta iwájú kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí yìnyín kí àwọn mẹ́ta mìíràn tó wọlé rọ́pò wọn, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń tò báyìí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dúró dáadáa gbọ́dọ̀ ní sẹ́ńtà mẹ́rin tí ó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni sẹ́ńtà sì fi ń jẹun. Nígbàkígbà tí eré bá dúró, sẹ́ńtà ìhà kọ̀ọ̀kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ kojú ẹnì kejì níbi ọ̀kan nínú àmì mẹ́sàn-án tí wọ́n kùn sórí yìnyín, rẹfirí yóò ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀ láàárín wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ni yóò fà á sẹ́yìn fún àwọn ará rẹ̀. Bí àwọn alátakò bá ń bọ̀, òun ni yóò sáré padà wá sí iwájú ilé tirẹ̀ láti ran àwọn olùdáàbòbò lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá sì gba pọ́ọ̀kì, òun náà ni yóò so ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iwájú, tí yóò mọ ẹni tó ṣí sílẹ̀ kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ṣí sílẹ̀. Wíńgà ní tirẹ̀ ni ó ni ẹ̀gbẹ́ ògiri. Yóò jà fún pọ́ọ̀kì níbẹ̀, yóò gé wọ àárín, yóò sì gbá a wọ ilé. Iṣẹ́ méjèèjì le, ṣùgbọ́n ohun tí sẹ́ńtà ń rò pọ̀ ju ohun tí wíńgà ń rò lọ, ọ̀nà tí ó sì ń sá padà sẹ́yìn gùn ju ti ẹnì kejì lọ. Nítorí pé sẹ́ńtà gidi ṣọ̀wọ́n lọ́jà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá a, tí wọ́n bá sì rí ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń dúró tì í láti mọ̀ bóyá ó lè di ọ̀kan.

Ta ni ọmọ yìí? Bàbá bàbá rẹ̀, Elvis Iginla, kúrò ní Nàìjíríà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó kọjá sí Kánádà, ó sì di agbẹjọ́rò níbẹ̀. Òun ni ó bí Jarome, bàbá Tij, ní ìlú Edmonton ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1977, ìyá Jarome, Susan Schuchard, sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ Jarome ni Adékúnlé wà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè kí n kì í díẹ̀, nítorí pé ó yẹ ní kíkì: Adékúnlé ọmọ Iginla, àràbà tí ó hù lórí yìnyín tí òtútù kò fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe nǹkan, akọni tí ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn nínú ilé tí ń ko ọ̀tá lójú nínú agbo, abómi-dídì-jà-má-yọ̀-ṣubú! Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ tí Jarome fi kọ́ họ́kì, aṣọ́lé ni ó ń ṣe. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, aṣọ́lé, ẹni tí kì í gbá gólù rárá. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí wíńgà ọ̀tún, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá tí eré náà tíì ní. Ọdún 1994 àti ọdún 1995 ni ó gba ife Memorial Cup pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kamloops. Ní ọdún 1995 yẹn ni ẹgbẹ́ Dallas mú un ṣe ẹni kọkànlá nínú àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá NHL pín láàárín ara wọn, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Joe Nieuwendyk ti Calgary, tí ó jẹ́ sẹ́ńtà olókìkí. Ó ya àwọn mìíràn lẹ́nu nígbà náà pé wọ́n fi ògbóǹtarìgì sẹ́ńtà gba ọmọ ọdún 18. Nieuwendyk bá Dallas gba Stanley Cup, ife NHL, ní ọdún 1999, nítorí náà Dallas kò pàdánù. Ṣùgbọ́n Calgary ni ó rí òpó ilé gbà. Ní sáà 2001 sí 2002, Jarome gbá gólù 52, ó kó àmì 96, ìyẹn gólù pẹ̀lú ìrànwọ́, kò sì sí ẹni tí ó tó o nínú méjèèjì ní gbogbo NHL. Ó di balógun ẹgbẹ́ Calgary ní ọdún 2003. Ó kó wọn dé eré keje nínú àṣekágbá Stanley Cup ọdún 2004, níbi tí Tampa Bay ti borí wọn. Nígbà tí ó sì fi eré sílẹ̀, gólù rẹ̀ jẹ́ 625, àmì rẹ̀ jẹ́ 1,300, nínú eré 1,554. Ní ọdún 2020 ni wọ́n yàn án sínú ilé ọlá àwọn eléré họ́kì.

Ohun kan wà nínú ìtàn bàbá yìí tí n kò lè fò dá nítorí ó kan ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa. Ní ìdíje Olímpíìkì ọdún 2010 ní Vancouver, nígbà tí Kánádà àti Amẹ́ríkà wà nínú àfikún àkókò, tí gólù kan péré yóò pín wúrà, Jarome ni ó gba pọ́ọ̀kì lẹ́bàá ògiri, alátakò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣubú lọ, bí ó sì ti ń ṣubú ni ó ta á sí Sidney Crosby, sẹ́ńtà tí ó ti ń sáré lọ síwájú ilé, tí ìyẹn sì gbá a wọlé. Gbogbo ayé rántí Crosby. Èmi rántí ẹni tí ó ṣubú. Ohun tí wíńgà ń ṣe gan-an nìyẹn, iṣẹ́ tí ó sì lọ́lá ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń da ọmọ tí kò lè ṣe sẹ́ńtà sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ní sáà 2022 sí 2023, Tij wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Seattle, ẹgbẹ́ tí ó kún fún àwọn àgbà ọ̀dọ́, tí ó sì gba ife líìgì àwọn ọ̀dọ́, WHL, lọ́dún náà. Gólù 6 péré ni ó gbá ní gbogbo sáà. Ẹni tó bá fi èyí nìkan wọ̀n ọ́n yóò ti sọ pé orúkọ bàbá ni ó ń jẹ. Wọ́n gbé e kọjá sí Kelowna, wọ́n fún un láyè, wọ́n sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ lórí yìnyín, sáà tí ó tẹ̀ lé e sì mú gólù 47 àti àmì 84 wá nínú eré 64. Nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, tí wọ́n ṣe ní Finland ní ọdún 2024, ó kó àmì 12 nínú eré 7, Kánádà sì borí Amẹ́ríkà pẹ̀lú 6 sí 4 láti gba wúrà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Las Vegas, ẹgbẹ́ Utah mú un ṣe ẹni kẹfà, ìyẹn ni pé ó fi ipò márùn-ún ṣáájú ibi tí wọ́n ti mú bàbá rẹ̀. Òun sì ni ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà mú láti ìgbà tí ó ti tẹ̀dó sí Utah. Sáà kejì rẹ̀ ní Kelowna bẹ̀rẹ̀ dáadáa, gólù 14 àti ìrànwọ́ 18 nínú eré 21, kí ìbàdí tó dá a dúró, tí wọ́n fi ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí sáà náà sì parí fún un níbẹ̀.

Kí ni ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe? Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì fẹ́lẹ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń gbá, pọ́ọ̀kì sì máa ń kúrò lórí igi rẹ̀ kí aṣọ́lé tó mọ̀ pé ó ti gbá a. Ó máa ń lé pọ́ọ̀kì títí yóò fi gbà á lọ́wọ́ onílé, kì í bẹ̀rù ara fífi gbá ara, ó sì fẹ́ràn láti ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wọ àárín, níbi tí ìyà pọ̀ sí jù tí èrè sì pọ̀ sí jù. Wọ́n ti fi í ṣe sẹ́ńtà rí, wọ́n ti fi í ṣe wíńgà rí, ó sì gbìyànjú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá da gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀ sórí ẹní kan kí n sì tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bùn ẹni tí ń parí iṣẹ́ ni mo rí, kì í ṣe ti ẹni tí ń pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Gólù rẹ̀ ní Kelowna pọ̀ ju ìrànwọ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú mẹ́wàá ní sáà ńlá yẹn. Lóòótọ́ sáà tí ìbàdí gé kúrú yí i padà díẹ̀, tí ìrànwọ́ fi ṣáájú gólù, mo sì gbà pé ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ nìyẹn; àmọ́ eré 21 kò tó láti fi yí ìdájọ́ padà.

Ó tún yẹ kí á wo ilé tí wọ́n ń mú ọmọ lọ, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a kì í sì í fi ọ̀pá wọn ọmọ láìwọn ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àwọn eléré tí wọ́n wà ní Arizona kó lọ sí Salt Lake City, lábẹ́ olówó tuntun tí ń jẹ́ Ryan Smith. Orúkọ ẹgbẹ́ náà sì di Utah Mammoth ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ilé tuntun ni, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kò ṣófo. Logan Cooley wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ṣe ẹni kẹta ní ọdún 2022, tí ó gbá gólù 25 ní sáà 2024 sí 2025, sẹ́ńtà gidi tí ìyára rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Barrett Hayton wà níbẹ̀, ẹni karùn-ún ti ọdún 2018. Ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n mú Tij, wọ́n tún mú Cole Beaudoin, sẹ́ńtà ni òun náà. Nígbà tí ó tún di ọdún 2025, tí ọwọ́ wọn tó ẹni kẹrin, Caleb Desnoyers ni wọ́n mú, sẹ́ńtà láti Moncton. Ẹnu kì í sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe tán: ẹgbẹ́ tí ó ní Tij lọ́wọ́, tí ó tún lọ mú sẹ́ńtà mìíràn sí ipò gíga bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kò gbé gbogbo ìrètí àárín rẹ̀ lé Tij lórí.

Ìdájọ́ tèmi nìyí, mo sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kí Tij bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àgbà ní wíńgà òsì, ní ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńtà tó bá yára bí Cooley, kí ó máa gba ohun tí ìyẹn bá ta, kí ó sì máa gbá a wọlé. Kí ó máa kọ́ iṣẹ́ sẹ́ńtà lọ́wọ́ kan náà, kí wọ́n máa rán an lọ bẹ̀rẹ̀ kojú pọ́ọ̀kì nígbà mìíràn, ní ìhà ọ̀tá, níbi tí àṣìṣe kò ti ní í di gólù kíákíá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń fẹ́ kí ó di sẹ́ńtà lójú ẹsẹ̀ ń wo iye tí sẹ́ńtà ń tà lọ́jà, wọn kò wo ìbàdí tí wọ́n ti là. Sẹ́ńtà ni ó ń bẹ̀rẹ̀ jù, òun ni ó ń yí padà lójijì jù, òun ni ó ń sá padà sẹ́yìn jù. Ọmọ tí ó pàdánù èyí tó ju ìlàjì sáà lọ nítorí ìbàdí, nígbà tí ó yẹ kí ara rẹ̀ máa le sí i, kò yẹ kí wọ́n fi ẹrù tí ó wúwo jù lọ kí i káàbọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ní Kábà wa níbí, a ti mọ̀ tipẹ́ pé oyè ní àtẹ̀gùn. Ìgemọ̀ ni a ń jẹ kí a tó jẹ Orótà, ẹni tó bá sì ti kọjá níbẹ̀ ni a lè máa retí láàárín àwọn Ọlọ́lú, níbi tí Ọbàrò, Ọbadòfin àti Ọbajẹ̀mu wà. Kò sí ẹni tí ń wo Ìgemọ̀ bí ẹni tí ó kùnà. Ojú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n fi wo ọmọ yìí nígbà tí ó bá wà ní wíńgà.

Àwọn tí ń tako irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti gbé ọmọ kúrò ní ipò tó mọ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ yóò rọ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, àwa ọmọ Nàìjíríà sì ti rí i lójú ara wa. John Obi Mikel, ọmọ Jos, lọ sí ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands ní ọdún 2005, ó ṣeré ní àárín iwájú, tí ó ń pín bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pín iyọ̀, Nàìjíríà dé àṣekágbá kí Argentina tó borí wa pẹ̀lú 2 sí 1, àmì ẹ̀yẹ eléré kejì tó dára jù sì bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn Lionel Messi. Nígbà tí ó dé Chelsea ní ọdún 2006, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Mourinho fà á sẹ́yìn, ó ní kí ó dúró níwájú àwọn olùdáàbòbò, kí ó máa já bọ́ọ̀lù gbà, kí ó sì máa fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Títí di òní ni ẹ ó máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ta ayò pé wọ́n ba Mikel jẹ́. Èmi kò gbà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ; ó jẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó gba ife àwọn akọni Yúróòpù ní ọdún 2012, ó sì wà ní ọkàn ẹgbẹ́ tí Stephen Keshi kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n fi gba ife Áfíríkà ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun kan sọnù, nítorí pé gólù tí ó lè gbá kò hàn mọ́, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì jẹ èrè ìrọ̀rùn tí ó fún wọn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti Tij ni pé wọ́n gbé Mikel jìnnà sí ilé alátakò, bẹ́ẹ̀ ni wíńgà yóò gbé Tij sún mọ́ ọn. Ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà gan-an ni wọn yóò fi í sí, kì í ṣe ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ yóò ti máa sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dùn mí, n kò sì lè jókòó níwájú ẹ̀rọ rédíò yìí ní Kábà kí n má sọ ọ́. Kì í ṣe ìdílé Iginla nìkan ni ó so wá mọ́ eré yìnyín yìí. Ní Okene, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ìlú tí a jọ wà lábẹ́ Agbègbè Kábà ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ni wọ́n bí Akim Aliu sí ní ọdún 1989. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ukraine ni ìyá rẹ̀. Ó gbé ní Kyiv ní kékeré, ó sì dàgbà ní Toronto. Ẹgbẹ́ Chicago mú un ní ọdún 2007, ó ṣe ẹni 56, ọkùnrin tó ga, tó lágbára, tí àwọn tó mọ eré sì rí ọjọ́ ọ̀la lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni ó kọ́kọ́ ṣeré nínú NHL, ní Calgary, Jarome Iginla sì ni balógun ẹgbẹ́ nígbà náà. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí wọ́n bí ní Okene àti ọmọ Iginla nínú aṣọ kan náà lórí yìnyín! Ṣùgbọ́n eré 7 péré ni Aliu ṣe ní NHL títí ó fi tán, pẹ̀lú gólù 2. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni ó sọ fún ayé pé nígbà tí òun wà ní Rockford, akọ́nimọ̀ọ́gbá òun, Bill Peters, bú òun nítorí àwọ̀ ara òun. Peters, tí ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Calgary nígbà náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wọlé nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń wọn ọ̀dọ́, gbogbo ènìyàn máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti gíga rẹ̀, wọn kì í sábà wo ẹni tí ó di ọ̀pá ìwọ̀n mú. Ibi tí wọ́n ti ń gan àwọ̀ ọmọ, kò sí ipò tí wọ́n fi í sí tí yóò tẹ̀ síwájú, ìbáà jẹ́ àárín, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́. Tij ní odi tí Aliu kò ní: orúkọ bàbá rẹ̀ ti lọ ṣáájú rẹ̀ wọ gbogbo ilé yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ẹni tí yóò bú u yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ fún ọmọ Okene, n kò sì fẹ́ kí a máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìtàn rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi ìtàn Iginla yangàn.

Odi yẹn náà ní ẹrù tirẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jarome gbá gólù 625 kí ayé tó mọ̀ ọ́n tán, ọmọ rẹ̀ ni ayé ti mọ̀ kí ó tó gbá ẹyọ kan láàárín àwọn àgbà. Ìdí kan nìyí tí àwọn kan fi fẹ́ kí ó di sẹ́ńtà, kí ọ̀nà rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti bàbá tí ó fi wíńgà di ńlá, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ọ̀kan wọn èkejì. Mo lóye rẹ̀, àmọ́ èrò tí kò dára ni. Kò yẹ kí ọmọ fi ipò tó yẹ ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ti jókòó níbẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí kò ti yẹ kí ó jókòó síbẹ̀ nítorí bàbá nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá fi ń gbá, ọwọ́ òsì ni ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ tí bàbá ti jà kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ yóò ti jà.

Kelowna ni wọ́n yàn láti gba àlejò ìdíje Memorial Cup ọdún 2026, ìdíje tí bàbá gbà lẹ́ẹ̀mejì, irú ibẹ̀ sì dára fún ọ̀dọ́ láti kọ́ ohun tí gólù nìkan kò lè kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rí eré rẹ̀ nínú fóònù yín lẹ́yìn èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka gólù nìkan. Ẹ wo ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi gólù kan ṣáájú, tí rẹfirí sì fẹ́ ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀ nítòsí ilé tirẹ̀: ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń rán lọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé Tij ni wọ́n ń rán lọ, tí ó sì ń fa pọ́ọ̀kì sẹ́yìn ju ìgbà tí ó ń pàdánù rẹ̀ lọ, níwájú àwọn àgbà, fún sáà kan gbáko, a jẹ́ pé sẹ́ńtà ti dé, èmi náà yóò sì wá sórí afẹ́fẹ́ yìí láti sọ pé kí wọ́n gbé e wọ àárín. Kí ó tó di ìgbà náà, wíńgà òsì ni mo fi í sí.